Ewé tí à ń pò mọ́ oúnjẹ màlúù nítorí aràn inú: èwo ló ń ṣiṣẹ́?

Ọmọ Agbo:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùsìn màlúù. Àwọn ọmọ màlúù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ń jẹun bó ṣe yẹ, síbẹ̀ wọn ò sanra. Irun wọn ò dán, ìgbẹ́ sì máa ń lẹ̀ mọ́ ìrù wọn. Ivermectin ni mo máa ń fún wọn, àmọ́ ó ti dà bíi pé kò tu irun kankan lára aràn náà mọ́. Ẹnì kan wá ní kí n jáwọ́ nínú oògùn, pé ewé àti hóró ni kí n máa pò mọ́ oúnjẹ wọn. Ó ka dóńgóyárò, aáyù, ewúro, hóró ìbẹ́pẹ, hóró elégédé. Èwo ló ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́ nínú wọn, báwo lẹ sì ṣe ń fún wọn?

Àgbà Darandaran:
Gbogbo rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, tó bá jẹ́ ẹnu ẹni tó ń tà á lo ti gbọ́ ọ.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká dá a lóhùn ná. Ọmọ Agbo, ewé ẹ̀gẹ́ gbígbẹ lèmi ń lò. Mo ní gbígbẹ o, kì í ṣe tútù. Ewé ẹ̀gẹ́ tútù ní sáyánáídì nínú, ó sì lè dá màlúù wólẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo máa ń gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mà á sá a sórí tapólì nínú oòrùn láìjẹ́ kó nípọn, mà á máa yí i títí tí ọ̀pá ewé yóò fi máa dún pẹ́kẹ́ bí mo bá ṣẹ́ ẹ. Bí ọ̀pá yẹn bá ṣì ń tẹ̀, kò tíì tó. Ẹ má fo gígé yẹn o, torí ojú ibi tí ewé ti ya ni májèlé náà ń gbà fẹ́ lọ.

Ewé yìí ní tannin, èròjà ewéko kan tó ń dí aràn lọ́wọ́, ó sì ní purotéènì. Wọ́n ti dán an wò lára màlúù àti ẹfọ̀n ní Thailand, ẹyin aràn inú ìgbẹ́ wọn sì dín kù. Èmi ò fi rọ́pò oògùn ṣá. Ohun tó kàn yí padà ni pé kì í ṣe gbogbo agbo ni mo ń fún lóògùn mọ́, àwọn tó bá nílò rẹ̀ nìkan ni.

Dókítà Ẹran:
Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Kẹ́ ẹ tó já ewé kankan, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè pé aràn wo ni, ibo ló sì ń gbé nínú màlúù. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń polówó ewé kì í fẹ́ dé.

Màlúù ní ikùn mẹ́rin kí oúnjẹ tó dé ìfun. Ostertagia àti Haemonchus ń gbé ní ikùn kẹrin, níbi tí omi kíkan wà. Cooperia ń gbé ní ìfun kékeré. Oesophagostomum ń gbé ní ìfun ńlá, òun ló máa ń ṣe kókó-kókó sára ìfun, ẹni tó bá ti dúró ti alápatà rí á ti rí i. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, bí ivermectin bá ti ń kùnà lára màlúù, Cooperia ló sábà máa ń kọ́kọ́ yè é.

Àwọn ewéko tí wọ́n ti yẹ̀ wò dáadáa jù ni àwọn tó ní tannin, èròjà tó máa ń mú ahọ́n le kankan bí èèyàn bá bu èso tí kò pọ́n jẹ. Sainfoin wà lára wọn, Lespedeza cuneata wà níbẹ̀, àwọn Lotus kan náà wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tannin ni kó lẹ̀ mọ́ purotéènì. Ó ń lẹ̀ mọ́ awọ aràn. Ọmọ aràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá koríko wọlé gbọ́dọ̀ bọ́ èèpo ara rẹ̀ kó tó lè ríbi fìdí lé, tannin sì ń dí i lọ́wọ́. Abo aràn tó ti dàgbà náà, ẹyin tó ń yé á dín kù. Tannin tún ń lẹ̀ mọ́ purotéènì inú oúnjẹ, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín inú ṣàkì ò ní rí i jẹ tán, ó kù fún màlúù fúnra rẹ̀ nígbà tó bá dé ìfun. Màlúù tó bá rí purotéènì jẹ lágbára láti bá aràn jà. Nítorí náà, nígbà mìíràn tẹ́ ẹ bá rí i pé ara wọn dán, ewé yẹn lè má pa aràn kan. Ó kàn bọ́ màlúù yó ni.

Ibi tó ti wá le nìyí. Nígbà tí wọ́n fún àwọn ọmọ màlúù ní sainfoin jẹ, Ostertagia inú wọn dín sí nǹkan bí ìdajì, ṣùgbọ́n Cooperia ò mira. Chicory náà, ewéko mìíràn tó jẹ́ pé èròjà kíkorò ló fi ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe: ó mú ti ikùn kẹrin, kò rí ti ìfun kékeré mú. Ọmọ Agbo, tó bá jẹ́ Cooperia ló gbójú sí ivermectin yín, ewé onítannin kọ́ ló máa gbà yín. Oògùn tí kì í ṣe ẹbí ivermectin lẹ máa wá, bí albendazole tàbí levamisole.

Ẹ tún wo ìwọ̀n. Nínú àwọn ìdánwò yẹn, ewéko yìí ló pọ̀ jù nínú ohun tí màlúù ń jẹ lójoojúmọ́. Kì í ṣe ẹ̀kúnwọ́ kan tí wọ́n fọ́n sórí oúnjẹ. Ẹ ò sì lè torí ìyẹn máa rọ́ tannin lé wọn lórí. Tó bá ti kọjá ìdá 5 nínú 100 oúnjẹ gbígbẹ, ìyẹn gíráàmù 500 nínú kílò 10, wọn á máa fi oúnjẹ sílẹ̀, èyí tí wọ́n bá sì jẹ ò ní dà dáadáa.

Ọmọ Agbo:
Dókítà, ẹ ṣé gan-an. Àmọ́ ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ lórí àwọn tí mo kà. Mo ti sá ewé dóńgóyárò rẹpẹtẹ sílẹ̀ o.

Dókítà Ẹran:
Dóńgóyárò: ó dára fún kòkòrò oko, kò sì sí irọ́ ńbẹ̀ pé ó ń pa ọmọ aràn nínú abọ́ láàbù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fún àgùntàn tó ní Haemonchus ní ewé rẹ̀ gbígbẹ jẹ, aràn ò dín kù. Abọ́ láàbù ò jọ inú màlúù. Ṣàkì àgbà màlúù lè gba ju lítà 100 lọ, àìmọye kòkòrò tín-tìn-tín ló sì wà nínú rẹ̀ tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa tú ewéko palẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ èròjà tẹ́ ẹ gbójú lé ni wọ́n á ti jẹ kó tó dé ibi tí aràn wà.

Aáyù: wọ́n dán an wò lára ewúrẹ́ àti àgùntàn, kò ṣe nǹkan tó ṣe é tọ́ka sí. Ó sì máa ń ba òórùn wàrà jẹ́. Ẹbí rẹ̀, àlùbọ́sà, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí màlúù bá jẹ ẹ́ púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ á máa fọ́, ìtọ̀ rẹ̀ á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ẹran tí Haemonchus ti ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu tẹ́lẹ̀, kí lẹ tún fẹ́ gbà lára rẹ̀?

Ìbẹ́pẹ: oje funfun tó ń sun lára èyí tí kò pọ́n ló ní èròjà tó ń jẹ awọ aràn. Kì í ṣe hóró. Hóró ní èròjà tirẹ̀ lọ́tọ̀, kò sì tíì sí ìwọ̀n kan tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín fún màlúù. Elégédé, bákan náà.

Ẹ má da ewé dóńgóyárò yẹn nù. Ẹ fi ṣe nǹkan mìíràn lóko.

Àgbà Darandaran:
Ewúro ńkọ́? Òun gan-an lẹ fò.

Awò Láàbù:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n gba ewúro lọ́wọ́ Dókítà, torí mo fẹ́ràn ìtàn rẹ̀. Ní ọdún 1987, ní igbó Mahale ní Tanzania, àwọn olùwádìí rí ìnàkí kan tí ara rẹ̀ ò yá, tó ń bó èèpo ọ̀pá ewúro dànù, tó ń rún inú rẹ̀ tó korò, tó sì ń fa omi rẹ̀ mu. Ọ̀pá ló ń jẹ o, kì í ṣe ewé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ ti ń mókun. Nígbà tí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò síwájú sí i, wọ́n rí i pé aràn tó ń dà wọ́n láàmú jẹ́ ẹ̀yà Oesophagostomum, ẹbí èyí tí Dókítà ní ó ń ṣe kókó-kókó sí ìfun màlúù.

Ẹ má tìtorí ìyẹn sáré lọ gé ewúro. Ìnàkí kò ní ṣàkì, màlúù ní. Ó ṣe é dán wò ṣá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìdánwò lóòótọ́, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ ka ẹyin aràn inú ìgbẹ́.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé kíkà yẹn fún wa. Gbogbo ìgbà lẹ máa ń sọ pé ká kà á.

Awò Láàbù:
Ó dáa, ẹ wo bí mo ṣe ń ṣe é.

Ìgbẹ́ tuntun ni ẹ máa mú. Èyí tó dára jù ni kẹ́ ẹ fi ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ mú un láti ihò ìdí. Bẹ́ ẹ bá sì wà níbẹ̀ nígbà tó ń ṣu, ẹ bu orí rẹ̀ níbi tí kò kan ilẹ̀, torí àwọn aràn inú ilẹ̀ tí kò kan màlúù á da kíkà yín rú. Ẹ dì í sínú nylon, ẹ fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ kọ nọ́ńbà ẹran sí i, ẹ gbé e síbi tó tutù. Ẹ má jẹ́ kó dì. Bẹ́ ẹ bá fi sínú ooru di ọjọ́ kejì, ẹyin á ti pa, ẹ ò sì ní rí nǹkan kà.

Ẹ po iyọ̀ mọ́ omi gbígbóná títí iyọ̀ ò fi ní yọ́ mọ́, tí díẹ̀ á kù sílẹ̀ níbẹ̀. Omi iyọ̀ yẹn ló máa gbé ẹyin léfòó. Ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ wọn gíráàmù 4 ìgbẹ́ sínú mìlílítà 56 omi iyọ̀, ẹ pò ó, ẹ fi asẹ́ tíì sẹ́ ẹ. Ẹ tún rò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó fa díẹ̀ sínú yàrá méjèèjì tó wà lára gíláàsì McMaster, èyí tí wọ́n fa ìlà sí fún kíka ẹyin. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹyin lè léfòó, kẹ́ ẹ wá wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ẹyin aràn yìí rí róbótó gígùn, èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, inú rẹ̀ á sì dà bíi pé wọ́n di èso àjàrà síbẹ̀. Èyí tó bá wà láàárín ìlà nìkan ni kẹ́ ẹ kà. Iye tẹ́ ẹ bá rí nínú yàrá méjèèjì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 50. Iye ẹyin tó wà nínú gíráàmù ìgbẹ́ kan nìyẹn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ara wọn lọ́nà ni pé wọ́n á ka ẹyin, wọ́n á fún gbogbo agbo ní ewé, wọ́n á tún kà, ó ti dín kù, wọ́n á ní ewé ló ṣe é. Ẹyin inú ìgbẹ́ ọmọ màlúù máa ń dín kù fúnra rẹ̀ bó ṣe ń dàgbà, torí ara rẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń bá aràn jà. Bí ọ̀dá bá mú, ọmọ aràn orí koríko á kú, ẹyin á dín kù. Bí ewé náà bá sì fún wọn ní ìgbẹ́ gbuuru, omi ti pọ̀ nínú ìgbẹ́, ẹyin á dà bíi pé kò tó nǹkan nígbà tí iye aràn ò yí padà. Nítorí náà, ẹ pín wọn sí méjì, kí ọjọ́ orí wọn jọra, kí wọ́n wà lórí koríko kan náà. Ẹ fún ìdajì, ẹ má fún ìdajì kejì. Bí wọ́n bá lè tó mẹ́wàá-mẹ́wàá, ó dára. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín ìdajì méjèèjì ni iṣẹ́ ewé.

Fún oògùn náà, ẹ kà á lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fún wọn, ẹ tún kà á ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹyin ò bá dín ní ìdá 95 nínú 100, ó yẹ kẹ́ ẹ fura pé aràn ti ń yè é. Kò yẹ ká máa gbójú wò ó bí Ọmọ Agbo ṣe ń ṣe yìí.

Àfikún kan: ẹyin aràn ẹ̀dọ̀ wúwo, kì í léfòó nínú omi iyọ̀. Bẹ́ ẹ ò bá rí i, kò túmọ̀ sí pé kò sí níbẹ̀.

Olóko Leucaena:
Ẹ jọ̀ọ́, mi ò rí i kí ẹnikẹ́ni dárúkọ Leucaena, igi tí màlúù máa ń jẹ ewé rẹ̀, òun náà sì ní tannin. Màlúù tèmi ń jẹ ẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n irun ìrù wọn ti ń já. Ṣé aràn ni?

Dókítà Ẹran:
Aràn kọ́. Mimosine ni, èròjà kan tó wà nínú Leucaena. Ó máa ń jẹ́ kí irun já, ó sì máa ń ba ibi gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn jẹ́ tó bá pẹ́. Wọ́n rí kòkòrò tín-tìn-tín kan nínú ṣàkì àwọn ewúrẹ́ ní Hawaii tó ń tú májèlé náà palẹ̀, Synergistes jonesii lorúkọ rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sínú màlúù ní Ọsirélíà ní àwọn ọdún 1980. Níbi tí kòkòrò yìí ò bá sí nínú ṣàkì, ẹ má jẹ́ kí Leucaena kọjá bí ìdá 30 nínú 100 oúnjẹ wọn. Ẹ dín tiyín kù lónìí.

Oníwàrà:
Ẹ kú àlàyé. Ìyẹ̀fun ewé kan ni wọ́n ń tà fún èmi ní tèmi. Wọ́n kọ ọ́ sára àpò rẹ̀ pé ewé mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, pé kò ní ewu kankan, pé kò sí pé mò ń da wàrà nù bí a ṣe máa ń ṣe lẹ́yìn oògùn. Ṣé kí n gbà á?

Àgbà Darandaran:
Wọ́n dárúkọ mọ́kànlá náà?

Oníwàrà:
Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní àṣírí ni.

Àgbà Darandaran:
Ó tán.

Dókítà Ẹran:
Ẹ̀gbọ́n ti dáhùn. Kí n kàn fi kún un pé ohun tó bá lágbára tó láti pa aràn lágbára tó láti bọ́ sínú wàrà. Bóyá láti ara ewé ló ti wá tàbí láti ilé oògùn, ìyẹn ò yí i padà. Ẹni tó bá ń ta àfikún oúnjẹ yẹ kó lè sọ ewéko wo ni, apá wo lára rẹ̀, àti iye èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú kílò kan. Kódà sainfoin tó wá láti ilẹ̀ méjì tó yàtọ̀ kì í ní iye tannin kan náà. Ìgbà tí wọ́n gé e, ilẹ̀ tó hù lórí rẹ̀, bí wọ́n ṣe sá a, gbogbo rẹ̀ ló ń yí i padà.

Awò Láàbù:
Bí Oníwàrà bá ń wá nǹkan tó máa ń ṣiṣẹ́ nípasẹ̀ oúnjẹ láìjẹ́ oògùn, ẹ wádìí Duddingtonia flagrans. Kì í ṣe ewé, ẹbí olú ni. Màlúù á gbé hóró rẹ̀ mì, kò ní ṣe nǹkan kan nínú ikùn, àfi tó bá jáde nínú ìgbẹ́, ibẹ̀ ló ti máa hù, tí á sì dẹ okùn mú ọmọ aràn. Kì í wo ẹran tó ti ń ṣàìsàn sàn o. Orí pápá ló ń tún ṣe.

Àgbà Darandaran:
Ẹ ti sọ̀rọ̀ ewé tó, ẹ jẹ́ kí n sọ ti koríko. Ọmọ Agbo, báwo ni koríko rẹ ṣe ga tó nígbà tó o bá kó wọn kúrò lórí rẹ̀?

Ọmọ Agbo:
Wọ́n máa ń jẹ ẹ́ kanlẹ̀ ni, bàbá.

Àgbà Darandaran:
Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ko aràn. Ọmọ aràn máa ń tara ìgbẹ́ jáde nígbà òjò, á gun koríko, ṣùgbọ́n kì í gùn ún jìnnà. Púpọ̀ jù nínú wọn ò kọjá sẹ̀ǹtímítà 5 sílẹ̀. Màlúù tó bá ń jẹ koríko dé ìdí, aràn ló ń jẹ. Kó wọn kúrò nígbà tó ṣì ga tó ìbú àtẹ́lẹwọ́. Àwọn ọmọ ni kó kọ́kọ́ wọ pápá tuntun, kí àwọn ìyá tẹ̀ lé wọn, torí ara àgbà ti mọ aràn, ti ọmọ ò tíì mọ̀ ọ́n. Èèyàn máa ń ṣe é sódì, á ní àwọn ìyá ló ń ṣe wàrà, kí wọ́n jẹ èyí tó dára. Tó o bá ní ewúrẹ́ tàbí àgùntàn, jẹ́ kí wọ́n gba ibẹ̀ kọjá lẹ́yìn màlúù. Púpọ̀ nínú aràn màlúù ò lè gbé inú wọn, wọ́n á kàn gbé e mì dànù ni.

Ìyá Ìbejì:
Ìdí kan nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ewé igi. Màlúù tó ń ja ewé lókè, ẹnu rẹ̀ ò sí nílẹ̀ níbi tí aràn wà. Ó lè jẹ́ ìyẹn nìkan ló ń ràn mí lọ́wọ́, tannin kàn ń gba ìyìn.

Dókítà Ẹran:
Ìyá Ìbejì, ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an.

Ọmọ Agbo:
Ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Màá kó wọn kúrò lórí koríko yẹn, màá sá ewé ẹ̀gẹ́ bí ìyá ṣe sọ, màá sì pín wọn sí ìdajì méjì kí Awò Láàbù lè bá mi ka ẹyin. Ìbéèrè kan ló kù. Àwọn méjì kan wà nínú wọn tí abẹ́ àgbọ̀n wọn ti ń wú, ó rọ̀ bí ẹni pé omi wà níbẹ̀, èrìgì wọn sì funfun. Ṣé ìdajì tó ń jẹ ewé ni kí n kó wọn sí?

Dókítà Ẹran:
Rárá o. Àwọn yẹn ò sí nínú ìdánwò kankan. Ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀, ewé ò lè tètè ṣe é. Ẹ fi tépù wọn àyà wọn kẹ́ ẹ lè mọ bí wọ́n ṣe wúwo tó, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ fún wọn ní albendazole tàbí levamisole lónìí, iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ fún ìwọ̀n yẹn gan-an, torí oògùn tí kò tó ló ń kọ́ aràn bí yóò ṣe yè é. Levamisole ò ṣeé fún ní àpọ̀jù náà, ó lè gbò wọ́n. Fún àwọn abo tẹ́ ẹ ti jẹ́ kí akọ gùn láìpẹ́, ẹ má fún wọn ní albendazole, ó lè ba oyún tuntun jẹ́.

Ẹ má dà wọ́n rìn lọ sí pápá. Ẹ so wọ́n sí ibòji, ẹ gbé omi àti oúnjẹ tó ní purotéènì dáadáa sún mọ́ wọn. Kẹ́ ẹ sì mú ìgbẹ́ àwọn méjèèjì lọ fún Awò Láàbù kẹ́ ẹ tó fún wọn ní oògùn, kó wo ti aràn ẹ̀dọ̀ fún yín pẹ̀lú, torí abẹ́ àgbọ̀n tó wú lè jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Tó bá jẹ́ òun ni, levamisole ò ní ràn yín lọ́wọ́ rárá, ẹ padà wá bá mi.

Awò Láàbù:
Ẹ gbé e wá lónìí kí oòrùn tó mú. Omi lásán ni mo fi ń wo ti ẹ̀dọ̀, mo máa ń jẹ́ kó rọ̀ sísàlẹ̀ ni, ó máa gba àkókò díẹ̀.

Ọmọ Agbo:
Mo ti ń bọ̀.